Ọjọ́ tí Ọ̀gá Télọ̀ fi Sísọ́ọ̀sì Rẹ̀ Tọrẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìsíátù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀nà Ailegun, ní Èjìgbò. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó rò pé olè ti wọlé.

Ó rọra yọjú. Kì í ṣe olè. Oyèlékè, ọ̀gá rẹ̀, ló jókòó sórí àpótí, ó wọ bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ti gbá gbogbo ilẹ̀. Ó ti fi irin òòfà ṣa píìnì àti abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sínú agolo.

"Háà! Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ gbálẹ̀? Ṣé mo pẹ́ ni?"

"O ò pẹ́. Ara mi ló yá."

Inú Ìsíátù dùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀gá rẹ̀ ti tẹsẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù gbẹ̀yìn. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣe é, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ sókè.

Oyèlékè dìde. Ó nawọ́ sókè sí ara ògiri, ó sì mú sísọ́ọ̀sì dúdú kan tó wúwo kúrò lórí ìṣó. Aṣọ pupa ni wọ́n fi wé ọwọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ òfin sísọ́ọ̀sì yìí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. O lè yá maṣíìnì ọ̀gá. O lè yá áyọ́ọ̀nù rẹ̀. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì yẹn. Ọ̀gá tó kọ́ òun náà níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ló fún un lọ́jọ́ tí ó gba fírídọ̀mù, òun ló sì fi ń gé aṣọ láti ọdún yẹn wá.

"Gbà," ni Oyèlékè wí.

"Kí n bá yín pọ́n ọn, sà?"

"Tìrẹ ni. Mo ti dá ọ sílẹ̀ lónìí. Fírídọ̀mù rẹ nìyẹn." Ó na ìwé kan sí i, ìwé tí ó fi bírò kọ fúnra rẹ̀, tí ó sì fọwọ́ sí.

Ìsíátù wo ìwé, ó wo sísọ́ọ̀sì, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ó ṣì ku oṣù mẹ́jọ o. Mi ò tíì pe àwọn ẹgbẹ́. Mi ò tíì se nǹkan kan."

"Mo fi oṣù mẹ́jọ náà jì ọ́. Iṣẹ́ ti yé ọ."

Ìsíátù kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, abiyamọ ọlọ́mọ méjì. Ó ti ta omi inú ọ̀rá, ó ti ta búrẹ́dì, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn télọ̀ yòókù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá àgbà ọmọṣẹ́, ìgbà wo lo máa gba fírídọ̀mù? Ṣé ìgbà tí ọmọ rẹ bá fẹ́ ṣègbéyàwó ni?" Oyèlékè nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà kúkúrú fún un.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Inúmidùn ọmọ mi ń yára ga. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti kúrú, bá mi tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?" Ìsíátù rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ò mọ ìṣẹ́tí í tú mọ́ ni?"

"Ìwọ ni mo bẹ̀."

Ó mú ọ̀rá dúdú kan lórí tábìlì, ó sì jáde. Ìsíátù kò bi í ibi tí ó ń lọ. Sísọ́ọ̀sì ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá Oyèlékè kú ní ìgbà òjò ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti wúwo. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń jí, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo sú u. Nígbà tí àwọn ilé ìwé fẹ́ wọlé, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé kún ṣọ́ọ̀bù dé òkè àjà. Oorun ń kùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀.

Nígbà náà ni Múyìwá, tó máa ń bá wọn fi maṣíìnì ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá, mú nǹkan kan wá fún un. Ó funfun, ó dà bí iyọ̀ tó dì. Áìsì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, oorun ni ọ̀tá yín," ni Múyìwá wí. "Ẹ tọ́ èyí wò. Ẹ ó máa ránṣọ bíi pé ẹ̀yin mẹ́ta ni."

Òótọ́ ni, fún ọjọ́ díẹ̀. Oyèlékè kò sùn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń kọrin nídìí maṣíìnì. Ìbànújẹ́ bàbá rẹ̀ fò lọ. Ó rò pé òun ti rí oògùn ìbànújẹ́.

Ṣùgbọ́n bí agbára oògùn náà bá ti tán lára rẹ̀, ìbànújẹ́ náà á padà dé, á sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Á tún lo òmíràn. Kò pẹ́, kò lè jẹun mọ́. Eyín ń dùn ún. Ó ń sọ pé àwọn kọ́sítọ́mà ń ṣọ́ òun láti ìta. Ó gé léèsì oníléèsì, ó gé apá méjèèjì sí apá ọ̀tún.

Ìyàwó rẹ̀, Nimotallahi, sunkún. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màámi, wá láti Ìlarò, ó wá ń bá wọn gbé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ní ọjọ́ kan, Oyèlékè da èyí tó kù nù, ó búra pé òun ò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ó sì jáwọ́ lóòótọ́.

Ó wọlé, ó sùn. Ó sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, oúnjẹ nìkan ló ń jí i. Nígbà tí ó jí, kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ògiri.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Màámi ń wí. "Oògùn burúkú yẹn ló ń jáde lára rẹ̀. Ọmọ mi ti bọ́." Wọ́n tilẹ̀ ti fi ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Màámi. Nimotallahi náà ti ní kí wọ́n ṣe àdúà fún òun ní mọ́ṣáláṣí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, tí Oyèlékè fi fún Ìsíátù ní sísọ́ọ̀sì.

Kò tíì tó wákàtí kan tí ó jáde, Nọ́ọ̀sì Kúnbi wọlé. Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ni Kúnbi ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Ìsíátù, má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo ti mọ̀. Kí n lọ, kí n padà wá lọ́la."

"Rárá o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ó ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá ti lọ̀ ọ́ fúnra wọn."

Kúnbi gba yunifọ́ọ̀mù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Télọ̀ ṣe tán kí ọjọ́ tó pé? Ayé ti fẹ́ parẹ́!"

"Ẹ ò tíì rí nǹkan. Láti Ọjọ́rú ni ọ̀gá ti ránṣẹ́ láti ilé pé kí n dá gbogbo aṣọ tí a kò tíì gé padà fún àwọn tó ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́wọ́ àwọn."

"Télọ̀ wo ló ń dá aṣọ padà láìjẹ́ pé wọ́n fi ọlọ́pàá mú un?" Kúnbi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún wo èyí." Ìsíátù gbé sísọ́ọ̀sì náà jáde tayọ̀tayọ̀. "Ẹ bá mi yọ̀! Mo ti gba fírídọ̀mù."

"Ìgbà wo? Èmi ò sì jẹ ìrẹsì!"

"Kò sí ìrẹsì, Àǹtí. Àárọ̀ yìí ni. Ọ̀gá kàn sọ pé mo ti bọ́ ni."

Kúnbi gba sísọ́ọ̀sì náà. Ó mọ̀ ọ́n. "Ṣé kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ fi gé òwú lọ́jọ́sí nìyí, tí ó já a gbà lọ́wọ́ mi bíi pé mo fẹ́ fi gé òun létí?"

"Òun ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Kúnbi díẹ̀díẹ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì náà sórí tábìlì.

"Ìsíátù. Kí ló máa wá fi gé aṣọ?"

Ìsíátù wo ìṣó òfìfo tó wà lára ògiri.

"Kí ló tún sọ fún ọ? Rántí dáadáa."

"Wọ́n ní... wọ́n ní bí aṣọ Inúmidùn bá kúrú, kí n bá àwọn tú ìṣẹ́tí rẹ̀." Bí Ìsíátù ti ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń lọlẹ̀. "Àǹtí, kí ló dé? Ẹ ń dẹ́rù bà mí."

Kúnbi ti ń pe Nimotallahi lórí fóònù. Ọjà Èjìgbò ni Nimotallahi wà, níbi tí ó ti ń ta bọ́tìnì àti òwú.

"Ìyá Inúmidùn, níbo ni ọkọ rẹ wà?"

"Ó wà nílé lọ́dọ̀ Màámi. Àǹtí mi, ẹ bá wa dúpẹ́ o! Lánàá ló ń sunkún, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ó gbé Inúmidùn mọ́ra títí, ọmọ tilẹ̀ fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé."

"Gbọ́ mi. Fa ọjà lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí o máa bọ̀ nílé báyìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò tíì sí nǹkan kan. Ohun tí mo fi ní kí o máa bọ̀ nìyẹn."

Kúnbi àti Ìsíátù sáré lọ sílé Oyèlékè, òpópónà méjì sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bá Màámi ní iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Oyèlékè ò sí nílé. Ó ní òun ń lọ ṣọ́ọ̀bù."

"Ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mà. Kí ló sọ fún yín kó tó jáde?"

Ojú Màámi tàn. "Ọmọ mi ti ronú pìwà dà! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi níbí. Ó ní kí n dárí ji òun, fún gbogbo ìyà tí òun fi jẹ mí. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Mo ní, tìẹ kọ́ ni, ọmọ mi, iṣẹ́ èṣù ni."

Ìsíátù pe fóònù ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí ó ń dún nínú yàrá. Kúnbi wọlé lọ wò ó. Abẹ́ ìrọ̀rí ló fi í sí.

Nígbà náà ni Nimotallahi dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìborùn rẹ̀ ti já sí èjìká. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ sọ fún mi."

Kúnbi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹni tó ń fún èèyàn ní ohun tó ṣọ̀wọ́n fún un, tó ń tọrọ àforíjì, tó ń dá ẹrù ẹlẹ́rù padà, tí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ ńlá, ó lè jẹ́ pé ó ń dágbére ni. A gbọ́dọ̀ rí i kíákíá."

Ẹ̀wà dànù lórí ẹsẹ̀ Màámi. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Ìsíátù," ni Kúnbi wí, "kí ló mú lọ́wọ́ nígbà tó ń jáde?"

"Ọ̀rá dúdú kan. Mi ò mọ ohun tó..." Ìsíátù fọwọ́ gbá orí. "Léèsì Ìyá Shalom! Èyí tí wọ́n gé bàjẹ́! Gbogbo aṣọ ti kúrò nílẹ̀, òun nìkan ló kù. Ire-Akari nilé wọn."

"A jẹ́ pé aṣọ tó kẹ́yìn ló ń lọ dá padà yẹn. Kí Ìyá Shalom má tíì gbà á o!"

Màámi dúró sílé, bóyá ó lè padà wá. Àwọn mẹ́ta yòókù wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Nimotallahi ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ èémí. Ìsíátù ń sunkún pé òun ni òun jẹ̀bi, òun gba sísọ́ọ̀sì.

"O ò jẹ̀bi," ni Kúnbi wí. "Èèyàn tí kò mọ àmì kò lè kà á. Nu ojú rẹ."

Gbogbo télọ̀ Èjìgbò ló mọ Ìyá Shalom. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bí ó bá gbé aṣọ fún ọ, á wọ̀n ọ́n, á yẹ ojú ìránṣọ wò pẹ̀lú awò ojú, á sì ní kí o tú u. Àwọn kan máa ń ti ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá rí i lókèèrè.

Bí kẹ̀kẹ́ ti dúró níwájú géètì rẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo ní mi ò gbà á! Ṣé bí léèsì mi ṣe rí nìyí nígbà tí mo gbé e fún ọ? Apá ọ̀tún méjì! Apá òsì mi ńkọ́? Kí n gé e sọnù?"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ó rọlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ kàn gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ máa lọ."

"Níbo? Níbo lo ń kánjú lọ? Jókòó síbẹ̀ jàre! Láti àárọ̀ lo ti ń dìde. Ìwọ lo gé e, ìwọ lo máa rán an. Tí o bá fi í sílẹ̀ síbí, màá gbé e tẹ̀ lé ọ délé bàbá rẹ. Mu omi yẹn, ètè rẹ ti gbẹ!"

Nimotallahi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. "Ó wà láàyè. Alihamudulilahi. Ó wà láàyè."

Oyèlékè wà lórí àga ike ní iwájú ilé, ọ̀rá dúdú lórí itan rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu pé ó rí wọn. Ó jọ ẹni tí ó ti rìn jìnnà.

Kúnbi fa àga kan, ó jókòó tì í. Kò bú u, kò sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Ọ̀gá Lékè, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín, mi ò sì ní bínú sí èsì tí ẹ bá fún mi. Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín?"

"Àǹtí!" ni Nimotallahi pariwo. "Ẹ má fi ẹnu yín pè é!"

"Pípè é kọ́ ló ń fi í síni lọ́kàn, Ìyá Inúmidùn. Bí a bá bi í, á rí àyè sọ ọ́."

Ìyá Shalom yọ awò ojú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Oyèlékè wí. "Lónìí ni."

Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tí ẹnìkan ṣí ìdérí rẹ̀. "Kò sí ohun tó dùn mọ́. Mo ń jẹun, kò dùn. Inúmidùn ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò. Mo rò pé bí mo bá ti jáwọ́, á tán. Mo jáwọ́, ó wá burú ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ara ilé ń yọ̀, wọ́n fẹ́ lọ dúpẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn? Mo ní a jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo ti bàjẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́wọ́ mi."

Nimotallahi gbá a mú. "Ta ló ní mo fẹ́ sinmi lọ́wọ́ rẹ? Bàbá Inúmidùn, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Àìsàn yẹn ló sọ ọ́," ni Kúnbi dáhùn. "Ọ̀gá Lékè, bí ẹ bá lo maṣíìnì yín tọ̀sán-tòru fún oṣù mélòó kan, tí ẹ ò kán epo sí i, tí ẹ wá dúró, ṣé á yí lọ́jọ́ kejì?"

"Kò ní yí. Á há."

"Ṣé ẹ máa gbé e lọ sí ààtàn ni?"

"Rárá. Màá pe ẹni tó ń tún un ṣe."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ yín nìyẹn. Oògùn tí ń ta ara jí, bíi áìsì yìí, kì í dá ayọ̀ tàbí okun sílẹ̀. Ó kàn ń fi ipá fa èyí tó wà nínú ọpọlọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọjọ́ tí èèyàn bá jáwọ́, ọpọlọ á ṣófo. Oorun á dé, ebi á dé, lẹ́yìn náà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á tẹ̀ lé e. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹ ti bàjẹ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú."

Oyèlékè gbé orí sókè. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ọkàn mi ti wúwo."

"Èyí túbọ̀ jẹ́ kí a tètè lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń wá oògùn lọ. Oògùn á gbé e kúrò fún wákàtí díẹ̀, á tún dá a padà pẹ̀lú èlé. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí dókítà tọ́jú pọ̀. Ṣé ẹ máa bá wa lọ sí ilé ìwòsàn báyìí?"

Ó wo ọ̀rá orí itan rẹ̀. Ó mi orí pé òun á lọ.

Ìyá Shalom ti ń fi etí ìró nu ojú. "Mo ti ń bú u láti àárọ̀! Mi ò mọ̀ rárá. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ò dáa, mo kàn ní kó mu omi."

"Ẹ̀yin lẹ dá a dúró, mà," ni Kúnbi wí. "Ká ní ẹ ti gba aṣọ yẹn..."

Ìyá Shalom nu imú. Ó wo Oyèlékè. "Síbẹ̀, mi ò gbà á. O máa padà wá rán léèsì mi."

Ìsíátù kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ẹnu Oyèlékè náà mì díẹ̀, bíi pé ó fẹ́ rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá tó jẹ́ ti ìjọba. Màámi kọ́kọ́ yarí. "Ṣé wọ́n fẹ́ sọ pé ọmọ mi ya wèrè ni? Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Màámi," ni Nimotallahi dáhùn, "kí wọ́n máa wí nígbà tí ọmọ yín wà láàyè."

Màámi gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Dókítà gbà á sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fún un ní oògùn tó bá àìsàn rẹ̀ mu, wọ́n sì yan ẹni tó ń bá a jókòó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó padà sílé, wọ́n kó ohun tó lè pa á lára kúrò nítòsí, wọ́n ń pín àkókò láti wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ fún Nimotallahi pé, "Ọkàn mi tún ń fà sí nǹkan yẹn lónìí." Kì í pariwo mọ́ ọn. Á ní, "Jẹ́ ká rìn jáde," wọ́n á sì rìn títí ìfẹ́ náà á fi lọ.

Múyìwá wá lọ́jọ́ kan. Ìsíátù ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Tí ẹ bá mú ohun tí ẹ máa ń mú wá dání, ẹ yí padà." Múyìwá na ọwọ́ méjèèjì, òfìfo ni. Ó wá béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Oyèlékè lọ ni. Òun náà kì í sùn mọ́.

Ìwòsàn Oyèlékè kò yá kíákíá. Oṣù kẹta ló tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọbẹ̀ tí ó sè dùn. Nimotallahi wọ inú ilé ìdáná lọ, ó sunkún ayọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n ṣe fírídọ̀mù Ìsíátù bó ṣe yẹ. Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ wá. Kúnbi jẹ ìrẹsì tẹ́rùn, ó tún di sínú ike. Ìyá Shalom wọ léèsì rẹ̀, apá òsì wà ní òsì, apá ọ̀tún wà ní ọ̀tún, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí ojú ìránṣọ kan tí kò gún.

Nígbà tó kan gbígba irin iṣẹ́, Ìsíátù kúnlẹ̀. Oyèlékè na sísọ́ọ̀sì tuntun kan sí i, tó ń dán.

"Ti àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, ọ̀gá?" ni Ìsíátù fi ṣàwàdà.

Oyèlékè wo ara ògiri, níbi tí sísọ́ọ̀sì dúdú aláṣọ pupa náà gbé kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. "Èyí yẹn? Mo ṣì ń lò ó."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹnìkan nínú ilé yín bá jáwọ́ nínú oògùn tí ń ta ara jí, ẹ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé oorun rẹ̀ ni ìwòsàn. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé jíjáwọ́ ni ewu pọ̀ sí jù. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín kí ó tó jáwọ́, tàbí ní kété tí ó bá jáwọ́. Ẹ má nà án, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì fún un ní oògùn mìíràn láti fi pa ti àkọ́kọ́. Àdúrà dára. Ẹ gbà á lójú ọ̀nà ọsibítù.

Bí ó bá ní ayé sú òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò, kí ẹ sì wá dókítà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ni ọkàn rẹ wúwo báyìí, o kò tíì bàjẹ́. Sọ fún ẹnìkan lónìí, ẹnìkan péré. Ó ní àwọn tó mọ bí a ṣe ń tún un ṣe.

Àti ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ bá rí ẹni tí inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, tó wá ń pín ohun tó ṣe iyebíye fún un kiri, ẹ má kàn dúpẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé: kí lo máa wá fi gé aṣọ?